ÒKUN KÌ Í HÓ RURU KÍ A WÀ Á RURU

  

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó fẹ́ pín ẹgbẹ́ wa sí méjì. Ní ìpàdé gbogbogbòò tí a ṣe kẹ́yìn ni àwọn ọ̀dọ́ mú ìwé kan wá tí wọ́n fi lé Alága lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ yá àwọn ní bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹgbẹ́ sì fi owó díẹ̀ ràn àwọn lọ́wọ́, kí àwọn lè gba etí òkun láti Èkó títí dé Busua ní ilẹ̀ Gánà, láti lọ kọ́ bí a ti ń fi pákó gun ìgbì òkun. A kò tíì ka ìwé náà tán tí ariwo fi sọ. Baba kan dìde, ó ní, "Ṣé owó tí a ń dá láti fi sin òkú àti láti fi ran aláìsàn lọ́wọ́ ni ẹ fẹ́ lọ dà sínú òkun?" Ìyá kan ní òun kò bímọ fún òkun. Àwọn ọ̀dọ́ náà fèsì pé àwọn kì í ṣe ọmọ ọwọ́ mọ́. Nígbà tí Alága rí i pé ọ̀rọ̀ ń di ìjà, ó sún un sí ìpàdé tí ń bọ̀. Nítorí náà ni a ṣe rí i pé ó yẹ kí a sọ èrò wa nínú ìwé ẹgbẹ́ yìí, kí olúkúlùkù lè jókòó nílé rò ó, kí a má baà tún fi ariwo ṣe ìpàdé.

Èrò tiwa ni pé kí wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má lọ bí wọ́n ti ṣètò rẹ̀ sínú ìwé wọn yẹn. Àwọn àgbà wa ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Òwe náà kò sọ pé kí a má wa òkun. Ohun tí ó sọ ni pé nígbà tí òkun bá ń hó, kí ẹni tí ó fẹ́ wà á fara balẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó pariwo ni kò mọ ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń béèrè, àwa náà kò sì mọ̀ ọ́n kí a tó wádìí. Pákó gbọọrọ kan ni wọ́n ń lò, tí ó sábà máa ń gùn ju ènìyàn lọ, tí ó sì fúyẹ́ tí kì í rì. Ẹni tí ó fẹ́ gun ìgbì yóò dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, yóò máa fi ọwọ́ méjèèjì wa omi bí ẹni ń fi àjẹ̀ tukọ̀. Bí ìgbì bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, yóò wà á kíkankíkan títí ìgbì náà yóò fi gbé pákó náà. Nígbà náà ni yóò dìde dúró, ìgbì yóò sì gbé e lọ sí etí omi bí ẹṣin ti ń gbé ẹlẹ́ṣin. Okùn kan wà tí a ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kí pákó má baà bọ́ lọ. Kò gba ẹ́ńjìnnì, kò gba epo. Nínú eré Òlíńpíìkì ti Tokyo, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2021, ni a kọ́kọ́ fi í kún àwọn eré tí a ń torí rẹ̀ fún ènìyàn ní góòlù.

Àwọn kan ní eré òyìnbó ni, kò sì yẹ ọmọ Yorùbá. Tíṣà kan tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa la ojú wa lórí èyí. Ó ní ní nǹkan bí ọdún 1835, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ James Edward Alexander dé Àkírà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun rí àwọn ọmọdékùnrin ibẹ̀ tí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ lọ sínú òkun pẹ̀lú pákó fífúyẹ́ lábẹ́ ikùn wọn, tí wọ́n dúró de ìgbì, tí wọ́n sì gùn ún padà wá sí etí omi. Èyí ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí àwọn ará Amẹ́ríkà kan, Bruce Brown tí ń ya fíìmù, àti Robert August àti Mike Hynson tí ń gun ìgbì, tó wá sí Sẹ̀nẹ̀gà, Gánà àti Nàìjíríà nínú àwọn ọdún 1960, láti ya fíìmù *The Endless Summer* tí ó jáde ní ọdún 1966. Àwọn apẹja etíkun ilẹ̀ adúláwọ̀ kò sì retí òyìnbó kí wọ́n tó mọ ìgbì. Kí èbúté ńlá tó wà, ọ̀ọ́kán nínú òkun ni ọkọ̀ òyìnbó ń dúró sí, àwọn atukọ̀ dúdú ni ó sì ń fi ọkọ̀ kékeré la ìgbì já láti gbé ẹrù àti èrò wá sí ilẹ̀. Ẹ̀rù ìgbì yẹn ba òyìnbó púpọ̀. Kí a má ṣe sọ ohun tí í ṣe ti ilẹ̀ wa di ti àjèjì nítorí pé àwa fúnra wa jìnnà sí i.

Ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn nínú ìwé àwọn ọ̀dọ́ wa ni oṣù tí wọ́n mú. Wọ́n ní oṣù Kẹjọ, nítorí pé ìgbà náà ni ìsinmi. Kò sí ìgbà tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́. Ìgbì ńlá tí ń dé etíkun wa, ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń bọ̀. Ìjì líle tí ń jà ní ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì, lápá gúúsù jìnnàjìnnà, ni ó ń ti omi náà, yóò sì rìn fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà ni atẹ́gùn ṣe lè pa rọ́rọ́ ní Èkó tí òkun sì ń bú bí kìnnìún. Láti oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kẹsàn-án, ìgbà òtútù ni ní ìsàlẹ̀ ọ̀hún, ìjì wọn a pọ̀, ìgbì tiwa náà a sì tóbi. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì, nígbà ọyẹ́, ìgbì a máa rẹlẹ̀. Ìgbà náà ni ó yẹ ọmọlẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kínní ni àwa rí pé ó dára, nígbà tí èrò ọdún Kérésì bá ti kúrò lójú títì.

Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ òkun ní àgbọ́sọ. Minna ni a bí wa sí, omi tí ó tóbi jù tí a mọ̀ ní kékeré ni odò Chanchaga. Nígbà tí a di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọ̀gá tí a ń kọ́ òwò lọ́dọ̀ rẹ̀ rán wa lọ ra ọjà ní Èkó. Ní ọjọ́ Sunday tí ọjà kò ná, a ní kí a lọ wo òkun. A bọ́ ṣòkòtò sí orí iyanrìn, a wọ inú omi. Ibì kan wà tí ìgbì ń fọ́ lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ ṣùgbọ́n tí àárín rẹ̀ pa rọ́rọ́, a sì rò pé ibẹ̀ ni ó rọ̀ jù. A kò tíì wọ̀ ọ́ dé àyà tí ilẹ̀ fi yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà wá lọ. A kọjú sí ilẹ̀, a fi gbogbo agbára wa bá a jà. Bí a ti ń jà tó ni ilẹ̀ ń jìnnà tó. Apẹja Ìlàjẹ kan tí ó ń tún àwọ̀n ṣe ni ó rí wa. Ó ń ké pé, "Má bá a jà mọ́! Jẹ́ kí ó gbé ọ! Yà sí ẹ̀gbẹ́!" Òun àti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ti ọkọ̀ bọ omi tí wọ́n fà wá jáde. Nígbà tí ojú wa wálẹ̀, ṣòkòtò wa wà níbi tí a bọ́ ọ sí, ṣùgbọ́n owó ọ̀gá wa kò sí nínú àpò rẹ̀ mọ́. Oṣù méje ni a fi sìn ín kí a tó san án tán. A kò tíì san ti apẹja náà títí di òní, nítorí pé ó kọ̀ láti gba kọ́bọ̀.

Ohun tí a kò mọ̀ ní ọjọ́ náà ni a fẹ́ kí gbogbo ọmọ wa mọ̀ kí ẹsẹ̀ wọn tó kan òkun. Omi tí ìgbì bá dà sí etíkun gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà sínú òkun. Ibi tí ó bá gbà padà ni ìgbì kì í ti fọ́, ibẹ̀ náà ni ó máa ń dà bí ẹni pé ó rọ̀. Ẹni tí omi bẹ́ẹ̀ bá gbé kò gbọdọ̀ kọjú ìjà sí i, nítorí pé kò sí òmùwẹ̀ tí agbára rẹ̀ tó o. Kí ó léfòó, kí ó gbé ọwọ́ sókè láti pe ènìyàn, kí ó máa lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, bí ẹni ń bá etíkun rìn, títí yóò fi bọ́ nínú ipá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó kọjú sí ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kéré lẹ́nu, ṣùgbọ́n àìmọ̀ ọ́n ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ òkè ọ̀nà ní Èkó.

Ẹ̀yin òbí lè wí pé, nígbà tí ó ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí á dá wọn dúró pátápátá. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ṣé bí a bá dá wọn dúró, wọn kò ní lọ? Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọmọ wa méjì fi irọ́ kúrò nílé. Wọ́n ní ìgbéyàwó ni àwọn ń lọ ṣe ní Ìlọrin. Èkó ni wọ́n gbà lọ, òkun ni wọ́n lọ wọ̀. A dúpẹ́ pé àwọn méjèèjì padà wá, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni ọ̀kan ti padà. Baba rẹ̀ kò mọ ibi tí ọmọ wà títí tí ẹ̀rọ alágbèéká fi dún. Ní ti àwọn ọ̀dọ́ ti ìsinsìnyí, ìwé ni wọ́n kọ. Wọ́n dúró níwájú àgbà, wọ́n sì béèrè. Ọmọ tí ó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àgbà kò yẹ ní lílù. Bí a bá lù ú, ní ọjọ́ mìíràn kò ní béèrè mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí pé Òkè Ọya ni a ń gbé, a ti bọ́ lọ́wọ́ omi. Ìpínlẹ̀ Niger tí a wà yìí, inú omi ni ó wà. Odò Ọya ni a fi sọ ọ́ ní orúkọ. Ìdídò Kainji, ti Jebba àti ti Shiroro, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2025, òru ọjọ́ kan ni ìkún omi ya wọ Mokwa, ilé wó, ẹ̀mí tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún kan ni ó sì bá a lọ. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó mọ̀ ọ́n wẹ̀? Bí ìrìn-àjò yìí kò bá ṣe ju pé kí ọmọ ogún kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lọ, kò tíì jẹ́ òfò.

Ní ti ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí a tò ó bí a ti mọ̀ ọ́n. Láti Minna, a ó gba Bida, Mokwa, Jebba, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn dé Èkó. Ó lé ní kìlómítà ẹgbẹ̀ta. Ojúmọmọ nìkan ni kí bọ́ọ̀sì rìn, kí ó sun Ìlọrin tàbí Ìbàdàn, kí awakọ̀ sì jẹ́ méjì. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà Minna sí Bida kò nílò kí a ṣàlàyé. Ní Jebba, kí wọ́n rántí pé nítòsí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi *Dayspring* ti fọ́ ní ọdún 1857, tí Samuel Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn tí ó bá a wá. Ọmọ Òṣogùn ni Crowther, ọmọ òkè ọ̀nà bíi tiwa. Nígbà tí ó kọ́kọ́ bá òkun pàdé ní Èkó ní ọdún 1822, ẹrú ni ó jẹ́ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀. Àwọn ọmọ tiwa ń lọ bá òkun náà pàdé bí ọmọ olómìnira. Kí wọ́n má gbàgbé rẹ̀.

Ní Èkó, Tarkwa Bay ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń gun ìgbì ti ń kọ́ ara wọn. Kò sí títì tí ó dé ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni a ń wọ̀, kí olúkúlùkù sì wọ ẹ̀wù amúniléfòó kí ó tó jókòó. Ògiri òkúta tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ sí ẹnu òkun Èkó láti ọdún 1908, kí ọkọ̀ ńlá lè rí ọ̀nà wọlé, ni ó bo ibẹ̀ tí apá kan rẹ̀ fi rọ̀ fún ẹni tí ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ògiri yẹn kan náà ni ó dá iyanrìn dúró, nítorí pé láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni òkun ń kó iyanrìn lọ ní etíkun yìí, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach tí ó wà lódì kejì. Kí wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé ní oṣù Kínní ọdún 2020 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Tarkwa Bay kúrò nílé wọn. Àlejò mọ ìrora àlejò. Kí wọ́n ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó kù níbẹ̀, kí wọ́n sì yá pákó lọ́wọ́ wọn. Kò sí ìdí tí a ó fi ra pákó kankan.

Láti Èkó, Àgbádárìgì ni ó kàn, níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọdún 1845 wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹnubodè Sèmè. Ìwé ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ ilẹ̀ wa ní àyè àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù ní ìwé ìrìnnà àti káàdì yẹ́lò ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kí bọ́ọ̀sì náà sì ní ìwé ìbánigbófò tí wọ́n ń pè ní Brown Card. Ẹni tí kò ní ìwé ni àwọn oníwàyó ẹnubodè ń jẹ. Kí a sì gbọ́ ìròyìn kí a tó gbéra: láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba wa ti ti Sèmè, wọn kò sì ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020.

Ní ilẹ̀ Benin, tí wọ́n ń pè ní Dahomey títí di ọdún 1975, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò ní sọnù ní Àjàṣẹ́ tàbí ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu. Owó sẹ́fà kan náà ni a ń ná ní Benin àti ní Tógò, nítorí náà kí wọ́n ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, kí ó má jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń sáré bá mọ́tò. Ní Ouidah àti Grand-Popo, kí wọ́n wo òkun ṣùgbọ́n kí wọ́n má wọ̀ ọ́. Ìgbì ibẹ̀ ń fọ́ lulẹ̀ gbìì ní etí ilẹ̀ gan-an, omi rẹ̀ sì ń fa ènìyàn. Kí wọ́n lọ dúró ní Ẹnu-ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ sí Ouidah nínú àwọn ọdún 1990, kí wọ́n ronú lórí ìran wa tí ó gba ibẹ̀ lọ. Ní Lomé, kí àwọn ọmọ oníṣòwò lọ sí ọjà ńlá tí àwọn ìyá tí a ń pè ní Nana Benz ti fi òwò àǹkárá di olówó. Láti ìgbà tí èbúté Kútọnu ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1965 àti ti Lomé ní 1968, ìlà-oòrùn àwọn méjèèjì ni òkun ń jẹ, bí ó ti ṣe ní Èkó. Ní Keta, lẹ́yìn ẹnubodè Gánà, òkun ti jẹ ilé baba ẹni pọ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ó sì tún lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún jáde ní àgbègbè náà. Kí ọmọ wa rí i pé ẹni tí a ń pè ní onílẹ̀ pàápàá lè di àlejò.

Lẹ́yìn Àkírà, ó ku nǹkan bí kìlómítà 250 sí Busua. Abúlé apẹja ni, ìgbì ibẹ̀ kì í le jù, àwọn ọmọ ìlú náà sì ń kọ́ ènìyàn. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti lo ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí wọ́n gun ìgbì tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ìdí kan wà tí ó jẹ́ kí àwa fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju gbogbo èyí tí a ti sọ lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Gánà pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá, ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Èjìgbò, Ọ̀fà, Ṣakí, tí wọ́n ti ná ọjà níbẹ̀ láti ìgbà baba wọn, fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí ènìyàn jẹ wọ́n sílẹ̀. Etí òkun yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà padà, láti Aflao sí Lomé, láti Lomé sí Kútọnu, láti Kútọnu sí Sèmè. Baba tí ó bí wa wà nínú wọn. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà, Kumasi ni ó ti ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́. Ó sọ fún wa pé orí ẹrù nínú lọ́rì ni òun jókòó sí, òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún òun láti àárọ̀ di alẹ́, òun kò sì lè wò ó nítorí pé omi ojú òun pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ilé kò rọrùn fún un, ó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Minna, níbi tí ojú irin ti kó àwọn èèyàn wa wá kí a tó bí i. Bí ẹ̀yin òbí bá béèrè nílé, ẹ ó rí i pé baba tiwa nìkan kọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má fi inú burúkú kọ́ ọmọ wa. Ní oṣù Kínní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà ní kí àwọn ará Gánà máa lọ, báàgì onílà tí wọ́n fi kó ẹrù sì ń jẹ́ *Ghana Must Go* lọ́jà wa títí di òní. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn kan tún jáde ní Àkírà tí wọ́n ń ké pé kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Nítorí náà, kí àwọn ọmọ wa wọ Gánà bí a ti kọ́ wọn láti máa gbé láàrin àwọn Gbagyi àti Nupe níhìn-ín: kí ẹnu wọn má ga, kí wọ́n kí àgbà, kí wọ́n san ohun tí wọ́n bá rà. Ohun tí apẹja Ìlàjẹ yẹn ké sí wa nínú omi, ohun kan náà ni ó mú àwọn baba wa pẹ́ ní ilẹ̀ onílẹ̀. Wọn kò bá omi jà. Wọ́n wá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbà títí ẹsẹ̀ wọn fi kan ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin. Márùn-ún nínú àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé náà jẹ́ obìnrin, àwọn kan sì ní kí a yọ wọ́n. Àwa kò fara mọ́ ọn. Ta ni ó ń wọ lọ́rì òru lọ ra ọjà nínú ẹgbẹ́ wa bí kì í bá ṣe àwọn ìyá wa? Kí ìyá méjì láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Obìnrin bá wọn lọ, kí yàrá wọn sì yàtọ̀.

Ní àkótán, ohun tí a fẹ́ kí ìpàdé fọwọ́ sí nìyí. Èkíní, kí ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún má lọ. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni tí yóò lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko nínú adágún ìwẹ̀ ti hòtẹ́ẹ̀lì lọ́dọ̀ olùkọ́, kì í ṣe ní ìdídò tàbí nínú odò. Ẹni tí kò bá lè léfòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá níwájú ìgbìmọ̀ yóò jókòó sílé. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n dá àjọ fún ìdajì owó ìrìn-àjò náà, kí ẹgbẹ́ san ìdajì yòókù láti inú owó àjọ̀dún. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan owó òkú àti owó aláìsàn. Ẹ̀kẹrin, kí òbí fọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀karùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má wọ òkun ní òun nìkan, tàbí lẹ́yìn ọtí, tàbí nígbà tí ará ibẹ̀ bá ní kí ó má wọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹfà, nígbà tí wọ́n bá dé, kí wọ́n dúró níwájú ìpàdé sọ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n sì máa kọ́ àwọn àbúrò wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá le lójú yín, ẹ rò ó dáadáa. Oṣù mẹ́ta kò pọ̀ jù láti fi kọ́ ohun tí yóò gba ẹ̀mí yín là. Ẹ̀yin àgbà, ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Àwa náà ni a kúrò nílé tí a dé ibí. Ẹ jẹ́ kí a fi ìmọ̀ràn àti àdúrà sin àwọn ọmọ wa jáde, kí wọ́n má baà fi irọ́ jáde. A ó rí ara wa ní ìpàdé. Kí Ọlọ́run mú wọn lọ, kí ó mú wọn bọ̀, kí a má fi omi wá ẹnikẹ́ni tì nínú wa. Àmín.